Wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe àbúrò mi, oògùn oníhóró ni wọ́n sì ní kó máa lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i

Àǹtí_Ṣómólú – ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 34 ni, panẹbítà ni ní Ládípọ̀, ó níyàwó, ó sì ti bímọ kan. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń rù, a rò pé wàhálà iṣẹ́ ni, ó máa ń làágùn lóru débi pé ìyàwó ẹ̀ á dìde pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láàárín òru, tó bá sì ti bu òkèlè mẹ́ta mẹ́rin á ní òun ti yó, ikùn ẹ̀ lápá òsì wá le, téèyàn bá fọwọ́ kàn án nísàlẹ̀ egungun ìhà á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kílíńíìkì tó wà nítòsí wa kàn ń tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù ṣáá ni, abẹ́rẹ́ lónìí, dírípù lọ́la. Ìgbà tá a gbé e dé ọsibítù ìjọba ni wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ní kì í sábà ju 11,000 lọ, tiẹ̀ ti lé ní 200,000. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní BCR-ABL, ó jáde pé ó wà lára ẹ̀, wọ́n wá ní CML ni, irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú sí nìyí o. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí kímò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) tí wọ́n ń fà sí iṣan, oògùn oníhóró ni, ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó. Bọ̀dá wa àgbà ò gbà, wọ́n ní jẹjẹrẹ wo ni hóró oògùn ń wò, wọ́n ní ká ta ilẹ̀ tó wà ní Ìkòròdú ká gbé e lọ Íńdíà. Màámi ní tiwọn ní ọwọ́ ayé ni, Ìjẹ̀bú là ń lọ. Dókítà tún ní ó ṣeé ṣe ká lọ gba oògùn náà ní Ifẹ̀. Ṣé gbogbo Èkó yìí ni ò sí oògùn ni? Mo bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún mi.

OmoIsaleEko – 7:58 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o Àǹtí. Olúwa á fún un lálàáfíà. Ṣé wọ́n ti fún un ní oògùn kankan báyìí àbí ó kàn jókòó sílé?

Àǹtí_Ṣómólú – 8:05 àárọ̀

Ẹ ṣé. Wọ́n fún un ní hydroxyurea àti allopurinol, wọ́n ní kó máa mu omi púpọ̀. Wọ́n ní hydroxyurea yẹn, wọ́n kàn fẹ́ fi fa ẹ̀jẹ̀ funfun yẹn wálẹ̀ ni títí oògùn gidi á fi dé.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀bútéMẹ́ta – 8:51 àárọ̀

Àǹtí Ṣómólú, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ka èyí tán. CML ló ń ṣe èmi náà. Ọmọ tí ìyàwó mi fi sínú nígbà tí wọ́n sọ fún mi ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ mi lójoojúmọ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn gan-an ló ṣe mí, òógùn òru, kéèyàn má lè jẹun yó, ikùn òsì. Nǹkan tó le nísàlẹ̀ egungun ìhà yẹn ni wọ́n ń pè ní spleen, ó wú ni, oògùn á fà á padà.

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kúrómósómù 9 àti kúrómósómù 22 (okùn tín-ín-tín tó gbé àbùdá wa) já, wọ́n wá fi ègé ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ yẹn ló ń pàṣẹ pé kí ẹ̀jẹ̀ funfun máa pọ̀ láìdábọ̀. Òun ni BCR-ABL tí wọ́n yẹ̀ wò. Peter Nowell àti David Hungerford ló kọ́kọ́ rí kúrómósómù tó yí padà yẹn ní ìlú Philadelphia lọ́dún 1960, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè gbọ́ kí wọ́n pè é ní Philadelphia chromosome. Wọn ò bá àìsàn yìí bí i o, àbúrò yín ò sì lè kó o ran ìyàwó àti ọmọ ẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún màámi kíákíá kí wọ́n má bàá máa ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀.

Oògùn tí wọ́n ń sọ yẹn, imatinib ni yóò jẹ́, Glivec ni orúkọ tó kọ́kọ́ jáde. Ibi tí àṣẹ yẹn ti ń jáde gan-an ló lọ ń dí. Ọdún 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Kó tó dé, àwọn tó ní CML kì í sábà lò ju ọdún mélòó kan lọ, àwọn tí wọ́n fún lójú ìwádìí wá ń pẹ́ láyé: lẹ́yìn ọdún 10, bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣì wà láàyè. Ẹ fi èyí han bọ̀dá yín àgbà. Kí wọ́n má ta ilẹ̀ kankan.

Ní ti Ifẹ̀, dókítà yín ò ṣìnà. Novartis tó ń ṣe Glivec àti àjọ kan tí wọ́n ń pè ní The Max Foundation ló jọ ṣètò pé kí ẹni tí ò lágbára máa gba oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn orílẹ̀-èdè tí nǹkan ò ti rọrùn, OAUTHC, ọsibítù yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n sì fi ṣe ojúkò ní Nàìjíríà láti 2003. Èmi ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wá láti Màídúgúrì, ẹni tó wá láti Pọ́táákọ́ọ̀tù, gbogbo wa la mú fáìlì dání. Ẹ bi dókítà yín bóyá ibì kan ti wà ní Èkó báyìí tí wọ́n ti lè gbà á fún un, torí ètò máa ń yí padà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní Ifẹ̀ náà ni, ẹ lọ. Èsì BCR-ABL yẹn ni kọ́kọ́rọ́, láìsí i wọn ò ní fún un.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lórí oúnjẹ ni o, kì í ṣe inú òfìfo, kó sì mu ife omi ńlá sí i, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ inú á rú u. Ìgbà kan náà lójoojúmọ́. Ojú á máa wú díẹ̀ láàárọ̀, iṣan ẹsẹ̀ á máa kì í pàápàá lóru, àwọ̀ ara sì lè mọ́lẹ̀ díẹ̀, èmi náà pọ́n débi táwọn ará àdúgbò ń bi mí pé ọṣẹ wo ni mò ń lò. Kò sí èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín nínú wọn, ṣùgbọ́n kó sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà. Èyí tó ń pani ni kéèyàn máa fò ó.

Bàbá_Ọ̀ṣòdì – 9:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mi ò ní kí wọ́n má lo oògùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní nǹkan tí wọ́n fi ń tún ẹ̀jẹ̀ ṣe kó tó di pé ọsibítù dé. Pòròpòrò ọkà bàbà, ẹ sè é kó pọ́n dáadáa, ẹ gún ewé ugu, ẹ fún omi ẹ̀ sí i, kó máa mu kọ́ọ̀bù kan láàárọ̀ kan lálẹ́. Ẹ tún lè fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kún un tí inú bá ń run ún. Ẹ jẹ́ kó máa lo méjèèjì pọ̀.

Apoògùn_Ọjọ́dú – 10:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè kí n ta ko apá kan nínú ẹ̀. Pòròpòrò àti ugu, ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ kéré ni wọ́n ń fún. Àìsàn ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ funfun ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kó jẹ ugu nínú ọbẹ̀, oúnjẹ ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àgbo tá ò mọ gbòǹgbò tó wà nínú ẹ̀ lẹ̀rù ń bà mí sí. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú imatinib palẹ̀ nínú ara, àwọn egbòogi kan wà tó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára tú u dànù, oògùn ò ní tó nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ àìsàn á sì rí àyè padà, àwọn mìíràn á dá a dúró nínú ẹ̀jẹ̀ á wá pọ̀ ju. Grapefruit wà lára àwọn tó ń jẹ́ kó pọ̀ ju, kó má jẹ ẹ́ rárá. Dókítà tó bá rí i pé oògùn ò ṣiṣẹ́ á rò pé àìsàn ló ti yí padà, á wá gbé oògùn tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un, nígbà tó jẹ́ pé àgbo ló wà nídìí ẹ̀.

Àǹtí, lórí owó: imatinib tí kì í ṣe Glivec wà, àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà ń ṣe é, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe tó bá jẹ́ ojúlówó. WHO ti fi imatinib sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2015. Tó bá di pé ẹ fẹ́ rà á kí ti ọ̀fẹ́ tó jáde, ẹ rà á ní fámásì ọsibítù tàbí fámásì tó ní ìwé àṣẹ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má rà á lórí tábìlì lọ́jà, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ń kó o wọ̀lú lórí WhatsApp.

Ohun kan tí mi ò bá Ẹ̀gbọ́n gbà délẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí rò pé gbogbo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni hóró oògùn ń kápá. CML nìkan là ń sọ, àti èyí tí wọ́n tètè rí kó tó yára di líle.

MàmáTóbi_Ìkòròdú – 11:03 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an Apoògùn, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ọmọ tèmi, ALL ni tiẹ̀, irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń mú àwọn ọmọdé jù. Kò sí hóró kan ṣoṣo tó yanjú tiẹ̀ o. Abẹ́rẹ́ iṣan, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí àìsàn má bàá sá lọ sínú ọpọlọ, lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan oògùn oníhóró, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, láwọn orílẹ̀-èdè tó lówó, bí ọmọ 90 nínú 100 ló ń bọ́ nínú ALL báyìí. Tiwa ò tíì dé ibẹ̀ torí à ń pẹ́ kí á tó lọ, owó ń tán láàárín ọ̀nà, àkóràn sì ń pa ọmọ tí jẹjẹrẹ ò pa.

Lórí àkóràn yẹn ni mo fẹ́ bá gbogbo ẹni tó bá ní èèyàn lórí kímò sọ̀rọ̀. Ẹ ra tẹmòmítà. Kì í ṣe kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí o, tẹmòmítà. Tó bá ti kọ 38, ẹ gbéra, bó ṣe aago kan òru, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ wá ní ara ti tutù. Bí kímò bá ti fa ẹ̀jẹ̀ funfun wálẹ̀, kò sí ọmọ ogun kankan nínú ara mọ́, ohun tó máa ṣe ẹlòmíì ní kátáà lásán lè gbé ọmọ yẹn lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ìmájẹ́ńsì, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà ni "ó wà lórí kímò, ara ẹ̀ sì ń gbóná", ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ tò sórí ìlà káàdì.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà – 11:20 àárọ̀

Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá Tóbi sọ yẹn, ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Kí n fi méjì kún un. Tí platelet (ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá) bá wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ ìdí, ẹ má sì fún un ní ibuprofen tàbí aspirin, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Búrọ́ọ̀ṣì ẹnu tó rọ̀ ni kó máa lò. Ẹ sì máa wo ìgbẹ́ àti eyín ẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Lánre_Ọ̀kọ̀ta – 12:44 ọ̀sán

Gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n èmi rò pé bọ̀dá àgbà yẹn ò jẹ̀bi púpọ̀ tí wọ́n bá ní Íńdíà. Mo kà nípa ohun tí wọ́n ń pè ní CAR-T, wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n á tún sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ṣe kó lè dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n á wá dá a padà sí i lára. Ó ti wo ẹni tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí ẹ̀. Àti pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun náà, ìyẹn bone marrow transplant. Kí ló dé tá ò lọ síbi tí ìwòsàn pátápátá wà, kéèyàn má máa gbé hóró mì títí ayé?

Apoògùn_Ọjọ́dú – 1:15 ọ̀sán

Lánre, òótọ́ pọ̀ nínú ohun tó o sọ, ibi tó o gbé e sí ni ò bá a mu. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Emily Whitehead, ọmọ ọdún 6, òun ni ọmọdé àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní CAR-T, ní Philadelphia lọ́dún 2012, ALL ló ń ṣe é, ó sì gbádùn. Ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, owó tí wọ́n kọ́kọ́ bù lé e jẹ́ 475,000 dọ́là fún ẹyọ ẹnì kan. Àwọn ALL kan, lymphoma kan àti myeloma (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn) ni wọ́n ń lò ó fún. Wọn kì í lò ó fún CML irú ti ọmọ yìí.

Transplant náà, nígbà tí imatinib ò tíì dé, òun ló lè wo CML. Àmọ́ ewu wà nínú ẹ̀, ẹlòmíì kì í jáde nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tì í sẹ́yìn báyìí, ẹni tí oògùn kọ̀ fún ni wọ́n ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Kódà tí imatinib bá kọ̀, dasatinib àti nilotinib ṣì wà, ponatinib wà fún ẹni tí àìsàn ẹ̀ ti yí ìrísí padà, wọ́n tún fọwọ́ sí asciminib ní 2021. Ọ̀nà ṣì jìn kó tó kan Íńdíà.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà – 1:32 ọ̀sán

Ẹni tí transplant bá tiẹ̀ kàn, ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ààyè 1 nínú 4 pé yóò bá a mu pátápátá. Tí kò bá sí, ẹni tí kò bá wa tan la sábà ń wá, àwa aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó kéré jù nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ fúnni ní mùdùnmúdùn káàkiri ayé. Seun Adebiyi, lọ́yà ọmọ Nàìjíríà tí leukaemia (jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀) mú ní Amẹ́ríkà, òun ló dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún Nàìjíríà ní 2012 ní UNTH, ọsibítù yunifásítì ní Enugu, lẹ́yìn tí ojú òun fúnra ẹ̀ ti rí i. Ẹ̀yin tára yín le, ẹ ronú sí i.

Ṣadé_Festac – 2:50 ọ̀sán

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti màámi kún un nítorí ẹni tó bá ní òbí àgbà. Tiwọn kì í ṣe leukaemia, multiple myeloma ni, ìyẹn náà inú mùdùnmúdùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn wọ́n. Gbogbo èèyàn ní làkúrègbé ni, à ń ra robb, à ń ra oògùn ara ríro. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé gálọ́ọ̀nù omi kékeré ní bálùwẹ̀ ni egungun ẹ̀yìn kán, bẹ́ẹ̀ gálọ́ọ̀nù yẹn ò wúwo rárá. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kíndìnrín ti ń kọṣẹ́, calcium ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń mú wa tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń mú òyìnbó. Tí òbí yín bá ti lé lọ́gọ́ta tí ẹ̀yìn tàbí ìhà ń dùn wọ́n ṣáá tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń kéré, ẹ ní kí dókítà yẹ myeloma wò. Ẹ má sì fún wọn ní àwọn oògùn ara ríro tó ń ba kíndìnrín jẹ́ láìbèèrè.

Bortezomib ni wọ́n ń gún fún wọn lábẹ́ awọ ikùn, pẹ̀lú dexamethasone àti lenalidomide. Wọ́n ṣì wà, wọ́n ń fi igi rìn, wọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín. Dókítà ò pè é ní ìwòsàn, ó ní ó máa ń padà, ṣùgbọ́n ó ní ọdún tí àwọn oògùn tuntun ń fi kún ọjọ́ ayé èèyàn báyìí, bàbá òun tó jẹ́ dókítà ò lálàá ẹ̀.

Kúnlé_Agége – 4:06 ìrọ̀lẹ́

Èmi fẹ́ bèèrè nǹkan. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní CML, ó lo oògùn yìí fún ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́fà, ó dá a dúró, ó ní òun ti bọ́, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ pé títí ayé? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ máa ta oògùn ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀bútéMẹ́ta – 4:40 ìrọ̀lẹ́

Kúnlé, ẹ bá mi bi bọ̀dá yẹn ìgbà tó ṣe PCR kẹ́yìn, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wọn iye BCR-ABL tó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Mo mọ àwọn ẹni tó dá a dúró nílé nígbà tí ara wọn yá tí ikùn wọn sì rọ̀, ó padà wá pẹ̀lú agbára, ìgbà tí wọ́n fi máa dé Ifẹ̀ ó ti di èyí tó yára pani. Ara yíyá yẹn ò fi hàn pé ó ti lọ.

Apoògùn_Ọjọ́dú – 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n là á sí méjì, torí Kúnlé náà ní ìdí tó fi bèèrè. Dídá oògùn dúró wà lóòótọ́, àwọn dókítà ń ṣe é báyìí. Ẹni tó ti lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí PCR ẹ̀ sì ti wálẹ̀ gidigidi tí kò gòkè fún ọdún púpọ̀, dókítà lè ní kó dá a dúró, á wá máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lóṣooṣù. Nǹkan bí ìdajì wọn ló máa ń padà sórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, tí wọ́n bá sì tètè rí i, oògùn á tún kápá ẹ̀. Ẹni tí ò lè rí owó PCR lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ kó dán an wò rárá.

PCR yẹn náà, Àǹtí Ṣómólú, ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ máa tọ́jú owó ẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà ń ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni kó wá sí 10% tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ ní oṣù 3, 1% ní oṣù 6, 0.1% tó bá fi máa pé ọdún kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán tó ń ka ẹ̀jẹ̀ funfun ò lè sọ èyí. Ẹ ra ìwé ẹsáíìsì kan, kẹ́ ẹ máa kọ iye tó bá jáde síbẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Bàbá_Ọ̀ṣòdì – 6:18 ìrọ̀lẹ́

Apoògùn, mo gbọ́ àlàyé rẹ, ó yé mi. Kí wọ́n fi àgbo sílẹ̀ ní ti ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má ta ko ìyá ẹ̀ pé kó má gbàdúrà o. Ìyá ni. Ẹ jẹ́ kó gbàdúrà sórí oògùn yẹn fúnra ẹ̀ láràárọ̀ kó fi lé e lọ́wọ́, kò ní ní kí wọ́n gbé e lọ ibòmíràn mọ́.

MàmáTóbi_Ìkòròdú – 6:25 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Ohun tí mo ṣe fún ìyá ọkọ mi nìyẹn gẹ́lẹ́.

Kúnlé_Agége – 7:10 alẹ́

Ó yé mi, ẹ ṣé. Ìbéèrè mìíràn: ṣé kì í ṣe pẹ́ńtì àti pẹtiróòlù ní Ládípọ̀ ló fà á? Torí èmi náà, pẹ́ńtà mọ́tò ni mí.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà – 7:48 alẹ́

Kúnlé, ohun tí wọ́n dájú lé lórí fún CML ni ìtànṣán tó lágbára, irú èyí tó ran àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ò pa ní Hiroshima lọ́dún 1945. Ọ̀pọ̀ jù lọ, wọn ò rí ìdí kankan. Benzene tó wà nínú pẹtiróòlù, leukaemia míì ló máa ń fà, AML. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́n pẹ́ńtì, ẹ lo ìbòmú tó ní fílítà, ẹ má fi pẹtiróòlù fọwọ́, ẹ má fi ẹnu fà á láti inú táǹkì.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan níbí. Ẹ wá fún wa lẹ́jẹ̀. Platelet tí àwọn tó wà lórí kímò ń lò, ọjọ́ 5 péré ló ń lò ní ìpamọ́, a ò lè kó o pamọ́ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti lé lọ́dún 18 tó wọ̀n tó kílò 50 tára ẹ̀ sì le lè fúnni, ọkùnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá fi dípò ti èèyàn yín. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ní àwọn á fún yín lẹ́jẹ̀ gbowó, ẹ má bá wọn ṣe é.

Àǹtí_Ṣómólú – ọjọ́ Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún bọ̀dá wa àgbà àti màámi ní pálọ̀. Bọ̀dá ní ká lọ bá dókítà jọ sọ ọ́, a jọ lọ lónìí. Dókítà fi àwòrán ṣàlàyé fún wọn, ó sì ti kọ lẹ́tà, Ifẹ̀ náà ni. Ẹ̀jẹ̀ funfun ẹ̀ ti ń wálẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà tán lálẹ́ àná. Màámi ti gbà, ohun tí bàbá sọ yẹn ló wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ó ku méjì. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè bímọ. Èkejì, kí la máa gbé dání lọ Ifẹ̀, níbo la ti máa wọkọ̀?

Apoògùn_Ọjọ́dú – 9:33 alẹ́

Ọkùnrin tó ń lo imatinib ti bímọ dáadáa, kó kàn jẹ́ kí dókítà mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń lò ó ni kò gbọ́dọ̀ lóyún, torí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Tiwọn, ọkùnrin ni, ẹ fọkàn ìyàwó balẹ̀. Ẹ̀yin tó jẹ́ kímò lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tiyín yàtọ̀, ẹ béèrè nípa títọ́jú àtọ̀ kí wọ́n tó fa kímò àkọ́kọ́ sí yín lára.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀bútéMẹ́ta – 9:58 alẹ́

Inú mi dùn débi gẹ́lẹ́. Ọjọ́ta tàbí Berger lẹ ti máa rí ọkọ̀ Ifẹ̀, ẹ tètè jáde kí sún kẹẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn má bàá mú yín, ẹ sọ fún dírẹ́bà pé teaching lẹ ń lọ. Ẹ gbé lẹ́tà dókítà, èsì BCR-ABL ojúlówó àti fọ́tòkọ́pì ẹ̀, gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀, fọ́tò pélébé. Ẹ fi àwọn hydroxyurea tó kù sínú báàgì, wọ́n á fẹ́ mọ iye tó ń lò. Àkọ́kọ́ yẹn lè gba gbogbo ọjọ́, kí ẹnì kan tẹ̀ lé e, ẹ sì mú owó sísùn dání bó bá di pé ilẹ̀ ṣú. Tí wọ́n bá ti fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ogiri nílé, kẹ́ ẹ sì lọ gbà á kí èyí tó wà lọ́wọ́ tó ku ti ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ kọ ọ́ síbí, tó bá bọ́ sí ọjọ́ tèmi, a ó jọ lọ.